Ilé Ísírẹ́lì ti Sefwi Wiawso

Ní Ghana, ọjọ́ Sátidé ni ọjọ́ òkú. Láti Accra dé Kumasi, títí dé àwọn ìlú inú igbó tó sún mọ́ ààlà Côte d'Ivoire, ọ̀nà yòówù kí èèyàn gbà láàárọ̀ Sátidé, yóò pàdé àwọn tó wọ aṣọ dúdú àti pupa tí wọ́n ń lọ síbi ìsìnkú. Ẹni tó bá lọ á dá owó. Wọ́n á fi gbohùngbohùn kéde orúkọ rẹ̀ àti iye tó mú wá, akọ̀wé á sì kọ ọ́ sínú ìwé. Nsawa ni wọ́n ń pe owó náà. Ẹni tó bá dá nsawa lónìí mọ̀ pé wọ́n á dá tòun náà padà lọ́jọ́ tí òkú bá kú nílé òun. Ẹni tí kì í sì í yọjú, àdúgbò mọ̀ ọ́n, ìwé sì ń bẹ.

Ní Sefwi Wiawso, àwọn ìdílé kan wà tí kì í lọ síbi òkú lọ́jọ́ Sátidé. Wọn kì í lọ sóko, wọn kì í nájà, wọn kì í dáná. Sínágọ́gù kékeré kan ní àdúgbò New Adiembra ni wọ́n máa ń wà. Júù ni wọ́n pe ara wọn, orúkọ tí wọ́n sì sọ ìjọ wọn ni Ilé Ísírẹ́lì. Wọ́n lè fi nsawa rán ẹlòmíì lóòótọ́, àmọ́ owó tí a fi ránṣẹ́ kò lè jókòó sórí àga ní agboolé olókùú kó sọ pé ẹ kú ìrọ́jú. Bí irú ìjọ bẹ́ẹ̀ ṣe lo nǹkan bí àádọ́ta ọdún láàárín ìlú tí ohun gbogbo ti ń lọ lójú agbo, òun ni mo fẹ́ sọ.

Wiawso ni olú ìlú ẹkùn Western North, tí ìjọba Ghana yọ kúrò lára Western Region ní 2019. Ìlú aládé ni, ọ̀kan nínú mẹ́ta tí àwọn Sefwi ní; Anhwiaso àti Bekwai ni méjì tó kù. Akan ni wọ́n, ṣùgbọ́n èdè wọn sún mọ́ ti àwọn Anyi àti àwọn Baoulé ní Côte d'Ivoire ju Twi tí wọ́n ń sọ ní Kumasi lọ. Bí ọmọ Sefwi bá wọkọ̀ dé Bouaké, tó sì tún gba ìwọ̀ oòrùn lọ sí Béoumi láàárín àwọn Baoulé, ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ ló máa bọ́ sí i létí tí kò ní ṣàjèjì sí i. Àwọn Baoulé ní láti ilẹ̀ Asante ni Ayaba Abla Pokou ti kó àwọn wá, ní sẹ́ńtúrì kejìdínlógún. Ìtàn ẹnu Ilé Ísírẹ́lì ní tiwọn sọ pé láti àríwá làwọn baba ńlá wọn ti wá, pé ilẹ̀ Côte d'Ivoire ni wọ́n là kọjá kí wọ́n tó dé igbó Sefwi. Ọ̀nà kan náà ni gbogbo wọn ń sọ, kálukú ló ń gba ibi tirẹ̀ wọ̀ ọ́.

Ní nǹkan bí 1976 sí 1977, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Aaron Ahomtre Toakyirafa ní òun rí ìran. Ohun tí wọ́n fi hàn án ni pé ọmọ Ísírẹ́lì làwọn Sefwi, lára àwọn ẹ̀yà tó sọnù, àti pé kí wọ́n padà sídìí òfin àwọn baba wọn. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́ka sí ohun tí àwọn àgbà ti ń ṣe kí àwọn ajíhìnrere tó dé: wọ́n ń fi ọjọ́ Sátidé sinmi, wọ́n ń dá ọmọkùnrin lábẹ́ ní ọjọ́ kẹjọ, wọn kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀, obìnrin tó bá ń ṣe nǹkan oṣù sì ní ibi tó ń gbé lọ́tọ̀. Lójú Toakyirafa, ẹni tó ń ṣe ohun tó wà nínú Ìwé Léfítíkù kí Ìwé Léfítíkù tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ti jẹ́rìí nípa ara rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì ní ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà. Ní 1789 ni Olaudah Equiano ti kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé ìṣe àwọn Igbo jọ ti àwọn Júù àtijọ́. Ní 1930, Joseph Williams, àlùfáà Jésúìtì kan, kọ odindi ìwé láti fi hàn pé ìṣe Hébérù wà láàárín àwọn Asante. Kí Yorùbá tó rẹ́rìn-ín, ẹ jẹ́ ká rántí pé Mẹ́kà ni ìtàn tí Samuel Johnson kọ sílẹ̀ ti mú Odùduwà wá, pé Íjíbítì sì ni Olumide Lucas mú ẹ̀sìn wa lọ ní 1948. Nígbà tí aláwọ̀ funfun bá sọ fún èèyàn pé kò ní ìtàn, ìwé tí aláwọ̀ funfun fúnra rẹ̀ ń kà lèèyàn sábà máa ń wá orúkọ ara rẹ̀ sí.

Àwọn Júù ti wà ní aṣálẹ̀ Sàhárà o, ìyẹn kì í ṣe àlọ́. Ìjọ wọn wà ní Tuat, lójú ọ̀nà àwọn oníràkúnmí, títí di nǹkan bí 1492 tí al-Maghili, onímọ̀ ẹ̀sìn Ìsìláàmù kan, fi dáná ọ̀tá sílẹ̀ fún wọn, tí wọ́n sì wó sínágọ́gù wọn. Al-Maghili yìí kan náà ló wá sí Kánò ní ìgbà ọba Muhammad Rumfa tó sì kọ ìwé ìmọ̀ràn fún un. Ó dé ọ̀dọ̀ ọba Askia Muhammad ní Songhai pẹ̀lú, nígbà tí Leo Africanus arìnrìn-àjò sì gba Timbuktu kọjá, ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọba ibẹ̀ kò fẹ́ rí Júù sójú. Ṣùgbọ́n láti Timbuktu dé igbó Sefwi, àlàfo tó wà níbẹ̀ fẹ̀, kò sì sí ìwé tó dí i. Mi ò rò pé ó yẹ ká fipá dí i. Ẹni tó bá ń pa Sábáàtì mọ́ láti 1977 ti ní ìtàn tirẹ̀ tó tó kà.

Ìgbà tí ìran náà dé ló yẹ ká wò dáadáa. Ọ̀gágun Acheampong ló wà lórí àlééfà láti oṣù kìíní 1972. Ní 1977, ọjà gbówó lórí débi pé ohun tí èèyàn rà ní sídì kan lọ́dún tó kọjá ti lé ní sídì méjì. Kòkó tó jẹ́ òpó ilé Ghana ń jó rẹ̀yìn: orílẹ̀-èdè tó ń kó ohun tó lé ní ìdajì mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù lọ́dún ní àárín àwọn ọdún 1960 kò lè kó 160,000 mọ́ nígbà tó fi máa di 1983 sí 1984. Ní 1983 yẹn, ọ̀dá dá, iná ọyẹ́ sì jó oko kòkó lọ ràì. Ebi pa àwọn èèyàn débi pé eegun èjìká wọn yọ síta, wọ́n sì fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ẹ̀gbà ọrùn Rawlings, ẹni tó wà lórí àlééfà nígbà náà, ni. Àárín ìyàn yẹn náà ni ìjọba Shagari lé àwọn àjèjì kúrò ní Nàìjíríà, tí ọmọ Ghana tó lé ní mílíọ̀nù kan sì padà délé pẹ̀lú báàgì tí a fi orúkọ wọn pè títí dòní. Àwa náà kò gbàgbé pé oṣù kọkànlá 1969 ni ìjọba Busia fún àwọn tiwa ní ọ̀sẹ̀ méjì péré láti kúrò ní Ghana, tí àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ẹ̀jìgbò àti Ìnísà fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ ní Kumasi, tí òmíràn nínú wọn sì forí lé Abidjan.

Ta ló máa ran ìjọ Júù kékeré lọ́wọ́ nírú ìgbà bẹ́ẹ̀? Ísírẹ́lì kọ́. Nígbà tí Ghana gba òmìnira ní 1957, ọ̀rẹ́ ni wọ́n. Àwọn Ísírẹ́lì ló bá Nkrumah dá ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi Black Star Line sílẹ̀. Lọ́dọ̀ wa níhìn-ín, Arieh Sharon, ọmọ Ísírẹ́lì, ló ya àwòrán yunifásítì Ifẹ̀, ẹni tó bá sì ti jókòó nínú Oduduwa Hall ti jókòó nínú iṣẹ́ ọwọ́ wọn. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ogun oṣù kẹwàá 1973, Ghana, Nàìjíríà àti Côte d'Ivoire já okùn ọ̀rẹ́ náà. Côte d'Ivoire tún un so ní 1986, Nàìjíríà ní 1992, ní ti Ghana, ó di 2011 kí Ísírẹ́lì tó tún ṣí ilé iṣẹ́ aṣojú rẹ̀ sí Accra. Nítorí náà, ní ọdún tí Toakyirafa ní kí àwọn Sefwi rántí Ísírẹ́lì, kò sí aṣojú Ísírẹ́lì kan ṣoṣo ní Accra tí wọ́n lè kọ lẹ́tà sí. Ẹni tó bá ní torí owó òyìnbó ni wọ́n ṣe di Júù, kó lọ ka ọdún náà lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ara wọn ni wọ́n ní. Ibi tí ọ̀rọ̀ náà sì ti jinlẹ̀ jù lójú tèmi ni ọ̀rọ̀ ìsìnkú tí mo fi bẹ̀rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni òfin Júù àti àṣà ìlú ti kọjú ìjà síra wọn gan-an.

Ní Ghana, òkú lè sùn ní mọ́ṣúárì fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, nígbà mìíràn oṣù púpọ̀, títí àwọn ọmọ á fi kó owó jọ, títí wọ́n á fi kun ilé, títí àwọn ti òkè òkun á fi dé. Pósí olówó ńlá, aṣọ ẹbí, ọtí, gbohùngbohùn, àga yíyá. Nsawa ni wọ́n fi ń sanwó gbogbo rẹ̀. Bí kò bá sì kájú ẹ̀, gbèsè dé. Kò yàtọ̀ sí tiwa. Ẹni tó bá mọ ìtàn ìwọ̀fà mọ̀ pé gbèsè ìsìnkú ló sọ ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá di ẹni tó ń sin olówó láyé àtijọ́.

Òfin Júù ní kí òkú wọlẹ̀ lọ́jọ́ tó kú tàbí lọ́jọ́ kejì. Aṣọ funfun lásán ni wọ́n fi ń wé e, bákan náà fún olówó àti tálákà. Ìdí tí wọ́n fi ń ṣe bẹ́ẹ̀ wà nínú Tálmúdì, ìwé àlàyé òfin wọn: nígbà kan rí, ìsìnkú wọ́n débi pé àwọn ẹbí ń gbé òkú sílẹ̀ sá lọ, torí ìnáwó rẹ̀ nira fún wọn ju ikú fúnra rẹ̀ lọ. Rabban Gamliel, tó jẹ́ olórí, tí agbára rẹ̀ sì ká pósí wúrà, ló pàṣẹ pé kí wọ́n fi aṣọ ọ̀gbọ̀ lásán sin òun. Láti ọjọ́ náà ni olówó kò ti lè fi òkú fọ́nnu mọ́. Lẹ́yìn ìsìnkú, àwọn olókùú á jókòó nílé fún ọjọ́ méje. Wọn kò gbọ́dọ̀ jẹ oúnjẹ tiwọn nígbà àkọ́kọ́ tí wọ́n bá máa jẹun lẹ́yìn tí wọ́n ti dé láti itẹ́. Aládùúgbò ló gbọ́dọ̀ gbé e wá. Àdúrà òkú pàápàá kò ṣeé gbà láìpé mẹ́wàá. Kí ẹni tó ṣọ̀fọ̀ tó lè sọ ọ̀rọ̀ kan sí Ọlọ́run nípa bàbá rẹ̀, èèyàn mẹ́sàn-án mìíràn gbọ́dọ̀ ti dìde nílé wọn wá bá a.

Ẹ wo ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí fún ìdílé kan ní Wiawso tó ti fi ìsìnkú Sátidé sílẹ̀. Wọ́n ti jáde kúrò nínú ìwé nsawa ìlú, ṣùgbọ́n wọ́n ti bọ́ sínú ètò tí ìsìnkú kò ti gba owó ńlá, tí mẹ́wàá sì gbọ́dọ̀ wá, owó wà o, kò sí o. Bákan náà ni iṣẹ́ oko. Nnoboa làwọn Akan ń pe àáró: lónìí gbogbo wa lọ sóko tìrẹ, lọ́la a lọ sí tèmi. Bí ẹgbẹ́ nnoboa bá mú Sátidé, Júù kò lè bá wọn lọ. Ó di dandan kó ní ẹgbẹ́ tirẹ̀ tó ń mú Sọ́ńdè, nígbà tí àwọn tó kù wà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Èsúsú náà ńkọ́, tí àwọn ará Ghana ń pè ní susu? Ẹni tí èèyàn ń rí lójoojúmọ́ ló ń fi owó rẹ̀ sí lọ́wọ́. Ìyàsọ́tọ̀ tó jọ pé ó yẹ kó pa wọ́n ló fún wọn mọ́ra.

Ọjọ́ ìsinmi fúnra rẹ̀ kò ṣàjèjì sí àwọn Akan, kí n má purọ́. Ọ̀pọ̀ ìlú Asante ni kì í fi ọkọ́ kan ilẹ̀ lọ́jọ́ Tọ́sìdeé, torí ọjọ́ Asase Yaa, òòṣà ilẹ̀, ni. Kwame, orúkọ ọmọkùnrin tí a bí ní Sátidé, ni wọ́n tún fi ń ki Onyame, Ọlọ́run. Onímọ̀ kan, Kofi Owusu-Mensa, ti kọ ìwé lórí bí èyí ṣe ṣí ilẹ̀kùn fún ìjọ Adventist ní Ghana, tí àwọn náà ń pa Sátidé mọ́. Ohun tó jẹ́ tuntun ni kéèyàn fara mọ́ ọn tọkàntọkàn láìgba Jésù. Àwọn aládùúgbò Kristẹni lè fara da Sátidé. Ìkejì yẹn ni wọn kò fara dà.

Ọdún 1989 tún mú wàhálà mìíràn wá. Nínú oṣù kẹfà, ìjọba Rawlings ṣòfin pé kí gbogbo ẹgbẹ́ ẹ̀sìn lọ forúkọ sílẹ̀, wọ́n sì ti ìjọ Mormon àti àwọn Ẹlẹ́rìí Jèhófà pa. Àwọn ìjọ ńlá kọ̀ jálẹ̀, torí wọ́n tóbi tó láti kọ̀. Ìjọ tí kò ju ìdílé díẹ̀ lọ kò ní irú ẹnu bẹ́ẹ̀.

Ní 1993, ìdarí bọ́ sọ́wọ́ David Ahenkorah, tí òun náà sọ pé òun rí ìran. Ìgbà tirẹ̀ ni ìjọ náà kúrò ní ọ̀rọ̀ ẹnu tó di ilé. Ó rí ilẹ̀ éékà 40 gbà láti kọ́ ilé fún àwọn ìdílé Júù. Ní 1998 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í péjọ nínú sínágọ́gù ti New Adiembra. Yàrá kan ṣoṣo ni, kò ní ọ̀ṣọ́. Nítòsí rẹ̀ ni agboolé kan wà tí ìdílé mẹ́jọ ń gbé, èyí tó bọ́gbọ́n mu, nítorí ẹni tí kì í wakọ̀ ní Sábáàtì gbọ́dọ̀ gbé ibi tí ẹsẹ̀ lè gbé e dé.

Kí á má fojú kéré ilẹ̀ yẹn. Ìjọ kékeré lè ní ìfọkànsìn títí, bí ẹni tó ni ilẹ̀ kò bá gbà wọ́n, asán ni. Ẹ wo àpẹẹrẹ kan: ní 1612, Jacob Peregrino kúrò ní Amsterdam wá sí Porto de Ale, ní etíkun Senegal, láti wá máa kọ́ àwọn Júù ọmọ Potogí tó ń ṣòwò níbẹ̀ àti ní Joal ní òfin Mósè. Àwọn kan lára wọn fẹ́ obìnrin ibẹ̀, àwọn ọmọ tí wọ́n bí sì di Júù. Àwọn Potogí tó jẹ́ Kátólíìkì bẹ ọba ìlú náà pé kó lé wọn jáde. Ọba kọ̀. Ó ní ọjà ni ilẹ̀ òun, onírúurú èèyàn ló lẹ́tọ̀ọ́ láti gbé ibẹ̀, ẹni tó bá ń wá ìjà kó lọ jà á lórí òkun. Ìjọ méjèèjì yẹn kò pẹ́ ju nǹkan bí ìran kan lọ kí wọ́n tó tú ká, ṣùgbọ́n òwò tó jó rẹ̀yìn àti ibi tuntun tó ṣí sílẹ̀ ní Brazil ló fọ́n wọn ká, ìlú kò lé wọn. A sì mọ bó ṣe ń rí nígbà tí ìlú bá yí padà. Ní Béoumi, nínú oṣù karùn-ún 2019, ìjà awakọ̀ kan àti ọlọ́kadà kan di ìjà Baoulé àti Malinké, láàárín ọjọ́ díẹ̀ ó lé ní èèyàn mẹ́wàá tó kú, àwọn tó ti ń rajà lọ́wọ́ ara wọn láti ọdún mọ́dún.

Bí èèyàn bá fẹ́ mọ bí òfin Júù ṣe le tó nínú igbó, kó wo ìkòkò ọbẹ̀. Ẹran tí igbó Sefwi ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́ ni òyà àti ìgbín. Òyà kò ní pátákò, ìgbín kò tiẹ̀ sún mọ́ ohun tí a lè jẹ. Ẹja àrọ̀ tó ń mú ọbẹ̀ dùn kò ní ìpẹ́, wọ́n á dá a padà. Ẹja ẹ̀pìyà ní ìpẹ́ àti lẹbẹ́, wọ́n á rà á. Edé àti akàn, ó parí. Ewúrẹ́ àti adìyẹ dára, ṣùgbọ́n ó ní bí wọ́n ṣe ń pa á, ẹ̀jẹ̀ gbọ́dọ̀ dà nù. Nínú ọdún tí ebi ń pa gbogbo ìlú, ẹni tó bá rí ìgbín lójú ọ̀nà oko tó sì kọjá lára rẹ̀ ti sanwó orúkọ tó ń jẹ́.

Kòkó tún ní tirẹ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti la á, wọ́n á fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó fún ọjọ́ márùn-ún tàbí mẹ́fà, lẹ́yìn náà ni wọ́n á sá a sórí ẹní. Títí tó fi máa gbẹ, wọ́n ń fọwọ́ rú u, wọ́n sì ń fojú sí ojú ọ̀run. Àgbẹ̀ tó ń pa Sábáàtì mọ́ gbọ́dọ̀ ká ẹní rẹ̀ kí oòrùn Fúráìdeé tó wọ̀, ì báà jẹ́ pé Sátidé ni oòrùn máa mú jù láàárín ọ̀sẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ ṣírò ọjọ́ tó máa la kòkó láti ìbẹ̀rẹ̀ kí ọjọ́ tó yẹ kó tú u má bọ́ sí Sátidé. Kàlẹ́ńdà ló ń dá oko.

Láti àwọn ọdún 1990 ni ìjọ náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá àwọn Júù yòókù kiri àgbáyé. Kulanu, ẹgbẹ́ kan tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1994 láti máa ran irú àwọn ìjọ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́, wà lára àwọn tó dá wọn lóhùn. Ìwé àdúrà dé, àlejò dé, iṣẹ́ ọwọ́ sì dé. Èyí tó kẹ́yìn ni mo fẹ́ràn jù. Nílé Júù, búrẹ́dì méjì ló máa ń wà lórí tábìlì ní alẹ́ Fúráìdeé, ní ìrántí mánà tó ń rọ̀ ní ìlọ́po méjì kí Sábáàtì tó wọlé. Wọ́n máa ń fi aṣọ bò wọ́n. Àwọn àgbà wọn ní torí pé wáìnì ni wọ́n kọ́kọ́ ń súre sí, kí ojú má bàa ti búrẹ́dì ni. Àwọn ará Wiawso wá ń fi kẹ́ńtè ṣe aṣọ ìbòrí yìí, àwọn ọ̀já tóóró tí wọ́n so pọ̀ bí aṣọ òkè, tí wọ́n sì kọ lẹ́tà Hébérù sí. Kulanu ń bá wọn tà á fún àwọn Júù Amẹ́ríkà. Owó rẹ̀ wọlé fún wọn. Kẹ́ńtè di aṣọ tó ń bo ìtìjú búrẹ́dì nílé ẹni tí kò mọ ibi tí Sefwi wà.

Ìrànlọ́wọ́ ní ẹ̀gún tirẹ̀ náà. Ẹni tó ń gba àlejò láti Toronto àti New York ní láti máa jẹ́ Júù ní ọ̀nà tí àlejò máa dá mọ̀. Ìjọba Ísírẹ́lì kò tíì kà wọ́n kún. Àwọn Abayudaya ti Uganda rìn jìnnà jù wọ́n lọ ní ọ̀nà yẹn: Semei Kakungulu ló bẹ̀rẹ̀ ìjọ wọn ní 1919, Idi Amin fòfin de ẹ̀sìn náà, díẹ̀ ló kù nínú wọn, ṣùgbọ́n ní 2002 àwọn rábì láti òkè òkun wá gba ọgọ́rọ̀ọ̀rún wọn wọlé ní ọ̀nà òfin, Gershom Sizomu ọmọ wọn sì gba oyè rábì ní 2008. Ní Abuja, àwọn Igbo ló pọ̀ jù nínú sínágọ́gù Gihon, àwọn náà ń dúró. Mi ò mọ̀ bóyá ó yẹ kí ẹni tó ti pa Sábáàtì mọ́ fún ogójì ọdún tún rì sínú omi, bí òfin ìwọlé ṣe ní, kó tó di Júù. Àwọn tó ṣòfin náà ní ìdí tiwọn, àwọn tó ti fi ìgbín sílẹ̀ ní ìdí tiwọn.

Nígbà àrùn Kòrónà, Ghana ti gbogbo ilé ìjọsìn pa nínú oṣù kẹta 2020, ó sì di oṣù kẹfà kí wọ́n tó ṣí i díẹ̀díẹ̀. Ìgbà náà, àwọn ṣọ́ọ̀ṣì ńlá lè wàásù lórí rédíò àti tẹlifíṣọ̀n. Ní ti ẹni tí kò gbọ́dọ̀ tan fóònù ní Sábáàtì, agboolé ìdílé mẹ́jọ ló wúlò.

Nígbà tí Gabrielle Zilkha, obìnrin ayafíìmù láti Toronto, ṣèwádìí níbẹ̀ ní 2012 fún fíìmù rẹ̀ Doing Jewish, nǹkan bí 200 ni gbogbo wọn, ọmọdé ló sì pọ̀ jù. Àwọn ọmọ wọ̀nyí ló wà nínú ìṣòro tó kàn. Ọ̀pọ̀ iléèwé ní Ghana ń ṣe kíláàsì àfikún ní Sátidé, pàápàá fún àwọn tó fẹ́ ṣe ìdánwò. Òbí tó bá pa ọmọ rẹ̀ mọ́ sínú sínágọ́gù lọ́jọ́ náà gbọ́dọ̀ wá ẹni tí yóò kọ́ ọ ní ìṣirò ní Sọ́ńdè, ọjọ́ tí tíṣà ìṣirò náà ń kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin Mẹ́tọ́díìsì.